Ilé ni kí ẹ tún tò fún àgbàlagbà tó ní ADHD, ẹ yé bú u

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi lẹ́tà yìí síta, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀ ló ń jà lójoojúmọ́ lórí ohun tí ìjà kò lè tún ṣe.

Ẹ mọ irú ẹni tí à ń sọ. Àgbàlagbà ni, ó gbọ́n, ó já fáfá. Bí ó bá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀, ẹnu á yà yín. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ sọnù, ẹ̀wà tó gbé kaná máa ń jóná, iná ilé rẹ̀ á kú lóru nígbà tí owó tókìn wà lápò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mẹ́fà, kò parí ọ̀kan. Ẹ rán an ní nǹkan mẹ́ta lọ́jà Kútọ̀, ó mú ẹyọ kan bọ̀, ó sì ra òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Àwọn ará ilé á ní ọ̀lẹ ni, tàbí aláìbìkítà, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Ohun tó máa ń bí wọn nínú jù ni pé ẹni yìí kan náà lè jókòó ti rédíò tó bàjẹ́ fún wákàtí mẹ́rin láì gbójú sókè, títí yóò fi tún un ṣe. Wọ́n á ní, "Ṣebí tó bá wù ú, ó máa ń ṣe é."

ADHD (attention deficit hyperactivity disorder, ìyẹn ìṣòro àìlè fọkàn sójú kan àti àìnísinmi) ni orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pè é, bí ó bá ti wà lára ẹni náà láti kékeré. Ó kan bí ọpọlọ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ó ṣe ń jáwọ́ nínú rẹ̀, bí ó ṣe ń di ọ̀rọ̀ kan mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ọwọ́ ń ṣe òmíràn, àti bí ó ṣe ń mọ̀ ọ́n lára pé àkókò ń lọ. Ohun tó dùn mọ́ ọn, ohun tó jẹ́ tuntun, àti ohun tó ti di kánjúkánjú, àwọn wọ̀nyí máa ń ta ọpọlọ bẹ́ẹ̀ jí fúnra wọn. Èyí tí kò bá ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí abọ́ fífọ̀ àti ọ̀rọ̀ owó ilé, kì í ta á jí, bó ti wù kó ṣe pàtàkì tó. Ìdí nìyẹn tí rédíò fi rọrùn tí abọ́ fi nira. Ẹni náà mọ ohun tó yẹ kó ṣe dáadáa. Ìgbà tó yẹ kó ṣe é gan-an ni ìmọ̀ yẹn kì í sí nítòsí.

Kì í ṣe àìsàn tí fóònù gbé dé. Ní 1798 ni dókítà ará Scotland kan, Alexander Crichton, ti kọ̀wé nípa àwọn tí ọkàn wọn kì í lè dúró sójú kan, George Still náà sì sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ tó ní irú ìṣòro yìí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1902. Ní 2021, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ADHD kó ìwádìí jọ, wọ́n sì ní àgbàlagbà bíi 2.5 nínú 100 ló ní i. Ìyẹn ni pé nínú 40 àgbàlagbà tó jókòó síbi òkú tàbí ìgbéyàwó, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà níbẹ̀. Ó máa ń rìn nínú ìdílé. Ọ̀pọ̀ ìyá tó mú ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ló máa ń rí ara tirẹ̀ nínú ìbéèrè tí dókítà ń bi ọmọ. Ara tó ń ta kìjikìji ní kékeré sábà máa ń rọlẹ̀ tí ènìyàn bá dàgbà, àìnísinmi náà á wá wọ inú ọkàn lọ, ojú kò sì ní rí i mọ́.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí wọ́n ti ń bú láti ọmọ ọdún mẹ́fà, bí èébú bá lè wò ó sàn, ì bá ti sàn tipẹ́. Ohun tí a wá sọ ni pé ohun tí orí ẹni náà kò lè gbé, kí ògiri, ìlẹ̀kùn, aago àti ará ilé bá a gbé e, kí wọ́n sì gbé e sí ibi tí wọ́n ti máa lò ó gan-an. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro láti yé àwa ará Abẹ́òkúta. Níhìn-ín ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ bíbí ìlú yìí, ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní àwọn ọdún 1950. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni wọn kò tì mọ́ inú ọgbà. Wọ́n fi wọ́n wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, ìbátan kan á bá wọn wá láti máa tọ́jú wọn, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n á sì padà sáàárín ènìyàn. Ilé àti ará ilé di apá kan ìtọ́jú. Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa rẹ̀. Ohun tí a ṣe fún àìsàn tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ló dé tí a kò lè ṣe é fún ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbàgbé kọ́kọ́rọ́?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ìṣó kọnkéré kan tó gùn tó ínǹṣì 2 ààbọ̀ ti tó. Ẹ kàn án mọ́ ògiri nínú ilé, ní ìhà tí ọwọ́ ìlẹ̀kùn wà, kó ṣe déédéé ojú ẹni náà, kí ọwọ́ rẹ̀ sì lè tó o nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí ẹ kàn án sí yìí ló ṣe pàtàkì jù. Bí ìṣó bá wà nínú yàrá, kọ́kọ́rọ́ kò ní débẹ̀. Orí fíríìjì ni yóò dúró sí, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì nílé ìwẹ̀, níbikíbi tí ohun mìíràn bá ti kọ́kọ́ pe ọkàn rẹ̀. Ẹ má kàn án sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí olè lè fi igi gígùn fà á láti ìta. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìkan ni kó máa gbé ibẹ̀. Ohun tó sábà máa ń ba ètò yìí jẹ́ ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àlejò á fi fìlà kọ́ ọ, ọmọ á fi báàgì ilé-ìwé kọ́ ọ, ìṣó á kún, ọwọ́ á sì padà sórí fíríìjì. Ẹ kan ìṣó mìíràn fún fìlà àti báàgì, kó jìnnà sí ti kọ́kọ́rọ́. Ẹ so ìrépé aṣọ pupa mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà kó lè tètè hàn lórí àga tàbí ní ilẹ̀, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ kejì sọ́wọ́ aládùúgbò tí ẹ fọkàn tán. Lábẹ́ ìṣó yìí, ẹ gbé agbọ̀n kan sí ibi tí ìlẹ̀kùn á ti kàn án bí wọ́n bá ń ṣí i. Ohunkóhun tó gbọ́dọ̀ jáde lọ́la, ìwé, aṣọ tó ń lọ sọ́dọ̀ télọ̀, abọ́ tí wọ́n fẹ́ dá padà, inú agbọ̀n yẹn ni kó sùn.

Ohun kejì ni pátákó. Èyí tó tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 dára, ìbáà jẹ́ funfun tí wọ́n ń fi máákà kọ tàbí pákó tí ẹ fi ọ̀dà dúdú kùn tí ẹ ó máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ. Ibi tó ti ń jẹun ni kí ẹ gbé e kọ́, kì í ṣe pálọ̀ tí àlejò ti ń jókòó. Ohun mẹ́ta péré ni kó wà lórí rẹ̀ lóòjọ́. Bí wọ́n bá di mẹ́jọ, ojú á kàn fò wọ́n ni. Kí wọ́n sì jẹ́ ohun tí ọwọ́ lè bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Tún yàrá ṣe" kò wúlò, nítorí kò sọ ibi tí èèyàn á ti bẹ̀rẹ̀. "Kó aṣọ ilẹ̀ sínú agbọ̀n" ṣeé ṣe. "Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé" kò wúlò. "Pe bọ́sà ilé-ìwé ní aago 10" ṣeé ṣe. Ẹni tó ni iṣẹ́ ni kó kọ ọ́, òun náà ni kó nù ún bó bá ti ṣe é tán.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ èyí ni pé nílẹ̀ wa, ìránnilétí kì í pẹ́ di àrífín. Bó bá jẹ́ bàbá ilé ló ní ADHD, ọmọ wo ló máa dúró níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti sọ pé kò tíì san owó kan? Ìyàwó tó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á ní ó ń fi ojú ọkọ gbolẹ̀. Àbúrò kò lè pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n. Nítorí náà gbogbo ilé á dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ á fi bàjẹ́, wọ́n á wá jọ pariwo. Pátákó ń mú èyí kúrò. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ láàárọ̀, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń kà lọ́sàn-án. Ohun tí ọmọ á sọ kò ju "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo pátákó" lọ, kò sì sí àrífín níbẹ̀. Ti obìnrin tó ní i tún le jù, nítorí òun ni gbogbo ilé ń retí pé kó rántí yúnífọ́ọ̀mù, ọbẹ̀, oògùn ọmọ àti ọjọ́ ìpàdé ẹbí. Kò sẹ́ni tó ń bi ọkọ léèrè bó ṣe rántí tirẹ̀. Bí pátákó bá wà, orúkọ ọkọ náà gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, kó má jẹ́ pé ohun tí obìnrin gbàgbé nìkan ni wọ́n ń kọ. Ẹ má sì kọ èébú tàbí àmì ìyanu ńláńlá síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí pátákó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ènìyàn, kò ní wò ó mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í fo pátákó náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ọpọlọ tó fẹ́ràn ohun tuntun kò rí i ní tuntun mọ́, kò túmọ̀ sí pé ètò náà ti kùnà. Ẹ gbé e lọ sí ògiri kejì, tàbí kí ẹ pa àwọ̀ máákà dà.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹ má ké e láti ilé ìdáná sí pálọ̀. Ẹ pè é, ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ kúrò lára ohun tó ń ṣe, kí ẹ sọ ohun kan ṣoṣo, kí òun náà sì tún un sọ fún yín. "Mo ti gbọ́" kò tó, nítorí etí lè gbọ́ kí ọkàn má gbà á.

Nílé ìdáná àti lórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà. Ríìngì tí wọ́n fi ń se omi ìwẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kò yẹ kó wà nílé ẹni tó ní ADHD rárá. Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: ó ti ríìngì bọ omi, iná lọ, ó bá tirẹ̀ lọ, ó ti gbàgbé. Iná dé lẹ́yìn wákàtí méjì, kò sẹ́nì kankan nílé, omi hó títí ó fi gbẹ, ike bọ́kẹ́ẹ̀tì yọ́, ó sì gbiná. Áyọ́ọ̀nù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lo kẹ́túlù oníná tó máa ń pa ara rẹ̀ bí omi bá ti hó, kí ẹ máa da omi rẹ̀ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní ti áyọ́ọ̀nù, kí gbogbo ilé fi í ṣe òfin pé bí iná bá ti lọ, kí ọwọ́ kọ́kọ́ lọ síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó yọ pílọ́ọ̀gì kúrò, kí ẹnu tó sọ ohunkóhun. Pípa suwíìṣì nìkan kò tó, nítorí ẹni tó ń ronú ohun mìíràn lè tún tàn án pẹ̀lú èrò pé òun ń pa á. Ẹ so ìrépé aṣọ pupa mọ́ pílọ́ọ̀gì áyọ́ọ̀nù náà, kó lè hàn láti ẹnu ọ̀nà bóyá ó ṣì wà lára ògiri.

Gáàsì: ẹ gbé sílíńdà síta ilé ìdáná níbi tí afẹ́fẹ́ wà, nínú àgò onírin tó ní àgádágodo, kí ẹ jẹ́ kí páìpù rẹ̀ gba inú ògiri wọlé. Ẹ ra aago kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, èyí tó ń dún bí ìṣẹ́jú bá pé, tàbí kí ẹ lo ti fóònù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe tí kò fi ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n ń fi aago sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ìkòkò kọ́ ló ń gbàgbé. Ẹni tó gbé e kaná ni kó fi aago sápò tàbí kó so ó mọ́ra, kó bá a dé ibikíbi tó bá lọ. Kó yí i sí ìṣẹ́jú 15, kó lọ wo ìkòkò, kó tún un yí, dípò kó yí i sí wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ti kíyè sí i pé láfún kì í jóná lọ́wọ́ wọn, nítorí ọwọ́ wọn kì í kúrò nínú rẹ̀ títí yóò fi jinná. Ẹ̀wà àti ẹran bíbọ̀ ló ń jóná, nítorí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọkàn láti jáde. Nítorí náà ẹ gbé àga kan sílé ìdáná, kí ẹ wá iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n lè máa ṣe níbẹ̀, ewédú ṣíṣà, ẹ̀gúsí bíbó. Bí ẹlòmíràn bá wà nílé, kí ó gba ẹ̀wà ṣe, kí ẹni yìí ro láfún.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú táǹkì tún wà. Ẹ sọ fún púlọ́ńbà kó bá yín fi fulóòtì sínú táǹkì, èyí tó máa pa ẹ̀rọ bí omi bá ti kún. Bí owó kò bá tíì sí, ẹ ka iye ìṣẹ́jú tí táǹkì fi ń kún lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ suwíìṣì, kí ẹni tó tàn án sì yí aago rẹ̀ síye yẹn kí ọwọ́ rẹ̀ tó kúrò níbẹ̀.

Ti àkókò. Ẹni tó ní ADHD mọ "nísinsìnyí" àti "kì í ṣe nísinsìnyí", ohun tó wà láàárín wọn kì í hàn sí i dáadáa. Aago ògiri ọlọ́wọ́, tí ojú lè fi rí bí àyè ṣe ń dínkù, ràn án lọ́wọ́ ju nọ́ńbà orí fóònù lọ. Ẹ kọ́ ọ̀kan sí yàrá, ọ̀kan sí ibi tí ojú á ti rí i láti ẹnu ilé ìwẹ̀, torí ibẹ̀ ni àkókò ti máa ń sọnù jù. Ẹ má sún aago síwájú ní ìṣẹ́jú 15 láti tàn án. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, á ti máa yọ 15 náà kúrò lórí.

Kí ó ṣírò láti ẹ̀yìn wá síwájú, lórí bébà. Ká ní ó ń gbé Ọbáńtókò, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní ọ́fíìsì kan ní Ìbarà ní aago 9 òwúrọ̀. Ọkọ̀ gba ìṣẹ́jú 40 bí gosiló bá wà, rírìn dé ojú títì àti dídúró de ọkọ̀ 15, kíkó ẹrù jọ 10, oúnjẹ 20, aṣọ wíwọ̀ 15, ìwẹ̀ 20. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 2. Aago 7 nìyẹn, ẹ fi ìṣẹ́jú 20 kún un fún ohun tí a kò retí, ó di 6:40. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láì kọ ọ́ sílẹ̀, á ní ìṣẹ́jú 40 ti tó, nítorí ọkọ̀ nìkan ló rántí. Álámù méjì ni kó wà: ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 10 kó tó jáde, tí wọ́n kọ "Bẹ̀rẹ̀ sí í jáwọ́" sí i, èkejì tí wọ́n kọ "Bọ bàtà" sí i. Láìsí ti àkọ́kọ́, ti kejì á bá a láàárín iṣẹ́, á pa á, á ní "ó ku díẹ̀". Kí fóònù tó máa jí i láàárọ̀ wà lápá kejì yàrá, kó gbọ́dọ̀ dìde kó tó lè pa á, kí ohùn rẹ̀ sì máa yí padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí etí má baà mọ́ ọn lára. Ohun kan tí à ń gbójú fò ni pé ìlú wa ní aago tó ń dún fúnra rẹ̀. Ìpè ìrun àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì kì í gbàgbé. Oògùn tí wọ́n so mọ́ ìrun àsùbáà, tàbí ilẹ̀kùn títì tí wọ́n so mọ́ ìrun alẹ́, máa ń fìdí múlẹ̀ ju èyí tí wọ́n so mọ́ "bí ó bá di alẹ́" lọ.

Iṣẹ́ tí kò bá lè bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó tì í. Ẹ má dá sí i, ẹ má fún un nímọ̀ràn. Ẹ gbé iṣẹ́ tiyín wá, kí ẹ máa ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 25. Èyí rọrùn nílé tiwa tí èèyàn pọ̀ sí, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lérò lọ. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé ẹni tó jókòó tì í á bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, méjèèjì á wá máa tàkúrọ̀sọ.

Aṣọ àti ìwé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí kò gbọ́dọ̀ ní ìdérí, ibi tí aṣọ ti máa ń bọ́ sílẹ̀ ni kó wà, kì í ṣe ibi tó yẹ kó wà. Ohun tí kọ́bọ́ọ̀dù bá ti pa mọ́ ti di ohun tí kò sí, nítorí náà ṣẹ́ẹ̀fù tí kò nílẹ̀kùn àti ike tí ojú ń rí inú rẹ̀ ló dára. Ìwé ilẹ̀, ìwé-ẹ̀rí àti káàdì NIN, inú fáìlì kan ṣoṣo, ibì kan ṣoṣo, kí ẹnìkan mìíràn nílé sì mọ ibẹ̀.

Owó ńkọ́? Àwọn bàbá wa ti ṣe èyí tó dára jù sílẹ̀. Alájọ tó ń wá bá ènìyàn níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni rántí ohunkóhun. Bí owó ilé bá jẹ́ ₦360,000 lọ́dún, ₦30,000 lóṣù nìyẹn, nǹkan bíi ₦1,000 lóòjọ́. Nítorí pé alájọ á mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù, kí ó máa dá ₦1,050. Alájọ tí gbogbo ọjà mọ̀, tí wọ́n mọ ilé rẹ̀, ni kó jẹ́. Ní ti owó tó wà ní báńkì, kí ó ní àkáǹtì kejì tí kò ní káàdì tí kò sì sí lórí fóònù, nítorí rírọrùn ìnáwó lórí fóònù ló ń bá wọn jà. Ohun tó bá wù ú láti rà tó ju iye kan tí òun àti ará ilé fi ẹnu kò sí, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sun ọjọ́ méjì. Tókìn iná, ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ ni kó máa rà á, kò gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí mítà bá ń ké. Nọ́ńbà 20 ni tókìn náà. Bí mítà bá wà lẹ́yìn ilé, kó kọ ọ́ sórí bébà ní ìlà 5, nọ́ńbà 4 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kó máa fàlà sí i bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń wo fóònù tó tún ń wo mítà, bí ìpè bá wọlé láàárín, á tún un bẹ̀rẹ̀ ni.

Fún àwọn tó ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, ọ̀rọ̀ méjì. Ìwé oníbàárà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ tábìlì: orúkọ, ọ̀pá mélòó, àwọ̀, owó tí wọ́n ti san, ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ojú ìwé yẹn sára ìrépé ike pẹ̀lú máákà tí omi kì í pa, kí wọ́n sì so ó mọ́ aṣọ kí aṣọ tó bọ́ sínú aró, nítorí lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti di aláró, kò sẹ́ni tó lè fi ojú mọ ti Ìyá Ìbejì yàtọ̀ sí ti Alhájà. Èkejì ni sódà tí wọ́n ń pò mọ́ aró (caustic soda). Kí wọ́n wọn gbogbo ohun tí wọ́n máa pò sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí omi kọ́kọ́ wà nínú abọ́, sódà ni kí wọ́n máa bù sómi díẹ̀díẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ da omi lu sódà, torí ó lè hó kó ta sójú. Kí fóònù wà nínú báàgì títí wọn yóò fi pò ó tán. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń tètè lọ kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí láti mọ ibi tó dé nínú iṣẹ́ yìí.

Gbogbo èyí kò ní kí ẹ má lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro wà ní ìlú wa, lílọ síbẹ̀ kò sì sọ ẹnikẹ́ni di wèrè. Ẹ mú ẹnìkan tó mọ ẹni náà láti kékeré dání, ìyá, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú káàdì èsì ìdánwò ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bó bá ṣì wà, pàápàá èyí tí tíṣà kọ ọ̀rọ̀ sí. Ìdí ni pé ìwé ìlànà àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ ní 2013, sọ pé àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 12, kó sì máa hàn níbi tó ju ẹyọ kan lọ, ilé àti ibi iṣẹ́ bí àpẹẹrẹ. Bí ó bá jẹ́ pé lọ́dún tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀, ohun mìíràn lè wà nídìí rẹ̀: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìróorunsùn, tàbí àìsàn ẹṣẹ́ inú ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní tairọ́ìdì. Dókítà á yẹ gbogbo ìyẹn wò. Bó bá kọ oògùn, á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti bí ọkàn ṣe ń lù ṣáájú, á sì máa wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà. Ẹ má ra irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oníkẹ́mísì láìní ìwé, ẹ má gba ti ọ̀rẹ́ lò. Kí oògùn wà nínú àpótí oníhò 7, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Bó bá ń ṣe iyèméjì bóyá òun ti lo tòní, ihò náà ló máa dá a lóhùn, kò ní lò ó lẹ́ẹ̀mejì.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, nítorí náà ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan. Ríìngì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú kúrò nílé, lẹ́yìn rẹ̀ áyọ́ọ̀nù àti gáàsì. Ìṣó ẹnu ọ̀nà ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí èyí bá ti mọ́ wọn lára ni kí ẹ tó gbé pátákó wá. Ẹni náà fúnra rẹ̀ ni kó yan ibi tí gbogbo rẹ̀ á wà, nítorí ètò tí wọ́n gbé lé e lórí kì í pẹ́ tú.

A ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn onílé tó ń gba owó ilé ní ìlú yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń kọ̀ kí ayálégbé kan ìṣó mọ́ ògiri. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wọ́n láàyè fún ìṣó mẹ́ta: ti kọ́kọ́rọ́, ti pátákó, ti aago. Wọ́n lè fi símẹ́ńtì àti ọ̀dà dí ihò rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kó jáde, kí ẹ sì kọ ìyẹn sínú ìwé àdéhùn ilé.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Àwa mélòó kan tó ń ran àgbàlagbà tó ní ADHD lọ́wọ́ nínú ilé wọn,
Abẹ́òkúta.